Ẹsẹ̀ Síkì Méjì Tí Ottilie Gbé Pamọ́

“Wọ́n ti jí i,” ni Ottilie wí. “Vinz, wọ́n ti jí síkì wa.”

Iwájú ilé oúnjẹ Gebhard lórí òkè Hinterfeld ló dúró sí. Ó di ẹsẹ̀ síkì pupa kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di ẹsẹ̀ síkì búlúù kan mú lọ́wọ́ òsì. Pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín ni síkì. Pupa ni tirẹ̀, búlúù ni ti Vinzenz ọkọ rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń ta sára yìnyín débi pé kò sẹ́ni tó lè la ojú dáadáa láìlo awò dúdú, àmọ́ Ottilie ti ká awò tirẹ̀ sórí akoto, ó sì ń wo gbogbo ẹni tó bá jáde látinú ilé oúnjẹ náà láti òkè délẹ̀, bí ọlọ́pàá tó dúró sẹ́nu ibodè.

Vinzenz ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa síìpù ẹ̀wù rẹ̀ sókè ni. Ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n jọ jẹ ò tíì balẹ̀ níkùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan, ohun tó sì mọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ síkì ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ìsubú nìkan kọ́ là ń bẹ̀rù lórí yìnyín. Kí èèyàn wọlé lọ jẹun, kó jáde, kó má bá síkì rẹ̀ mọ́, kó wá máa fi bàtà líle tí wọ́n fi ń wọ síkì rìn sọ̀kalẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ lójú gbogbo ayé, wàhálà gidi nìyẹn. Àwọn àlejò máa ń fi okùn onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ so tiwọn. Àwa ará ilé ò ráyè ìyẹn. Ṣe la máa ń pín síkì níyà, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kejì lọ́hùn-ún. Olè tó ń kánjú ò ní máa wá ẹsẹ̀ kejì kiri àárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún síkì.

Ti Ottilie wá le ju ti gbogbo wa lọ. Á mú ẹsẹ̀ tirẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ ti Vinzenz kan, á tò wọ́n pọ̀ síwájú ilé níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti tó wọn. Á wá gbé ẹsẹ̀ méjì tó kù lọ fi pamọ́ síbi tí òun nìkan mọ̀. Kì í sọ ibẹ̀ fún Vinzenz rárá. Ó ní tí òun bá sọ fún un, kò ní lè jókòó jẹun, á kàn máa yọjú lójú fèrèsé wò ó, olè á sì mọ ibi tí yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó, nígbà tí Vinzenz ra síkì tuntun fún un, tí kò sì tíì wọ̀ ọ́ tẹ́rùn tí olè fi gbé e lọ. Ottilie sunkún gan-an lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, kò sí olè tó rí tiwọn gbé mọ́, ọ̀pọ̀ obìnrin abúlé náà ló sì kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ nígbà ìwọ́wé tó kọjá, dókítà kan nílùú ńlá sọ fún Ottilie àti ọkọ rẹ̀ pé iyè Ottilie ti bẹ̀rẹ̀ sí í rá, pé kò sì ní padà bọ̀ sípò. Inú mọ́tò ni Ottilie ti di apá ọkọ rẹ̀ mú.

“Má sọ fún Birgit,” ló wí nígbà náà. “Tó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n gòkè mọ́. Jẹ́ kí n rí yìnyín ọdún yìí tán, Vinz. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe mí bó bá ṣe wù yín.”

Birgit ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, òun sì ni olórí àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí lórí òkè náà. Vinzenz ṣèlérí. Ìgbà tí ìyàwó ẹni bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú omi lójú kọ́ lèèyàn ń jókòó ro ìlérí wò. Láti ìgbà náà, bí Ottilie bá ti gbàgbé nǹkan níta, Vinzenz á tètè sọ pé òun ni. Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ sílé. Òun ló ṣi ọ̀nà. Gbogbo abúlé ti wá ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ti dé sí Vinzenz, pé Ọlọ́run ló fún un ní ìyàwó tí orí rẹ̀ pé.

“Kì í ṣe olè, Otti,” ló wí báyìí. “Èmi ni mo ṣí wọn nípò.”

“Ìwọ? Nígbà wo? Ṣebí ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí látìgbà tí mo ti wọlé.”

“Nígbà tí mo lọ tọ̀ ni.”

Gebhard tó ni ilé oúnjẹ ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnuwọ́ wà léjìká rẹ̀. “Bàbá Vinzenz, ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ yìí nìyí o,” ló wí. “Bóyá ká so agogo mọ́ síkì yín lọ́rùn bíi ti màlúù.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Vinzenz bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sẹ́yìn ilé. Ó wo ẹ̀yìn igi ìdáná tí wọ́n tò jọ. Ó wo abẹ́ àtẹ̀gùn, ó wo ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ yìnyín àwọn ọmọdé sí. Kò rí nǹkan kan. Kó tó padà síwájú ilé ló ti ń gbóhùn ìyàwó rẹ̀.

“Gbé e sílẹ̀,” ni Ottilie ń wí.

“Màmá, tèmi ni.”

“Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọkùnrin gíga kan tó wá láti ilẹ̀ Hólàǹdì ló ń bá wí. Síkì pupa méjì wà léjìká ọkùnrin náà, Ottilie sì ti di ìdí ọ̀kan mú gírígírí. Àwọn èèyàn ti dúró ń wòran. Vinzenz súnmọ́ ọn, ó sì rọra gbé ọwọ́ lé tirẹ̀.

“Otti, méjèèjì jọra. Ẹsẹ̀ pupa kan ṣoṣo ló sọ nù lọ́wọ́ wa.”

“Ó ti ní ẹsẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ ni, tiwa ló wá fi pé e.”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá,” ni Vinzenz sọ fún ọkùnrin náà. “Èmi ni mo gbé tiwa pamọ́ tí mi ò rántí ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀bi mi ni.”

“Kò burú, Bàbá,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Mo háyà wọn ni. Ẹ wo nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù lára wọn. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹnì kan rò pé wọ́n tó ohun tí wọ́n ń jí.”

Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Ottilie tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà. Gebhard ti wọlé lọ ní tirẹ̀, ó sì ti ń pe Birgit lórí fóònù.

Vinzenz tún kúrò níbẹ̀. Ó dúró sí kọ̀rọ̀ ilé, ó sì gbìyànjú láti ronú bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ronú. Gbogbo ibi tí Ottilie máa ń fi síkì pamọ́ sí lóde òní ló ti wò. Níbo ló máa ń gbé e sí láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, kí wọ́n tó wó ilé oúnjẹ ti tẹ́lẹ̀ tí wọ́n kọ́ eléyìí? Ó rántí ọkọ̀ okùn ti àtijọ́, èyí tó máa ń fi okùn irin gbé èèyàn gòkè. Lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn igi, ni ilé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nígbà náà. Wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀ kó lọ, ó ku ìpìlẹ̀ sìmẹ́ńtì. Wọ́n sì ti ta okùn yí ibẹ̀ ká pé kẹ́nikẹ́ni má kọjá, torí pé ọ̀gbun wà níwájú rẹ̀.

Ó gba ibẹ̀ lọ. Yìnyín náà rọ̀, bàtà rẹ̀ sì ń rì dé orúnkún. Bó ṣe kọjá àwọn igi ló rí ipasẹ̀ kékeré tó ti ṣáájú rẹ̀. Ó tẹ̀ lé e, ó kọjá lábẹ́ okùn, ó sì bá síkì méjèèjì lẹ́bàá sìmẹ́ńtì náà, pupa kan, búlúù kan, wọ́n dúró ṣánṣán. Ottilie ti kó yìnyín sí wọn nídìí, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé wọn ṣubú. Ó mọ́ tónítóní bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń mọ́. Vinzenz fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ló wá rí i pé ipasẹ̀ náà ò parí síbẹ̀. Ó kọjá ìdí síkì, ó lọ tààrà sí etí ọ̀gbun, síbi tí yìnyín ti yọ sórí afẹ́fẹ́ tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, ilẹ̀ ti rí wúruwùru bíi pé ẹnì kan dúró pẹ́ tó ń yí ẹsẹ̀ kiri. Lẹ́yìn náà ni ipasẹ̀ náà ṣẹ́rí padà. Vinzenz rántí pé Ottilie pẹ́ kó tó wọlé bá òun nídìí tábìlì lónìí. Òun ti rò pé àwọn obìnrin tò síwájú ilé ìyàgbẹ́ ni, òun sì ń bínú pé ọbẹ̀ ń tutù.

Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀rù sì bà á bí kò ṣe bà á rí láyé rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó gbé síkì méjèèjì lé èjìká, ó sì padà.

Birgit ti dé kó tó débẹ̀. Alùpùpù yìnyín rẹ̀ wà níwájú ilé, ó sì ti mú ìyá rẹ̀ wọlé lọ jókòó. Gebhard gbé tíì gbígbóná síwájú wọn, ó sì kúrò níbẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Birgit dúró de bàbá rẹ̀ kó jókòó tán.

“Bàbá, níbo lẹ ti rí wọn?”

“Níbi tí mo gbé wọn sí.”

“Ibo nìyẹn?”

Vinzenz wo inú ife tíì rẹ̀. “Ìdí ọkọ̀ okùn àtijọ́.”

Ojú Birgit yí padà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ta okùn yí ibẹ̀ ká. “Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé yìnyín ibẹ̀ ò ní nǹkan kan lábẹ́?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ sì lọ. Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn.” Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ bàbá rẹ̀. “Ẹ gbọ́, Bàbá mi. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí, mo kàn ń sọ pé kí n má dójú tì yín ni. Láti ọ̀la lọ, ẹ dúró sílé. Mo bẹ̀ yín. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá wá fi okùn fà yín jáde lọ́jọ́ kan.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Màmá lè máa gòkè bó bá ṣe wù wọ́n. Ara wọn le, orí wọn pé. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tí wọn ò ní lè dá wá?”

Ottilie gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì. “Birgit ò purọ́, Vinz,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó o ti ń gbàgbé nǹkan. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Màá máa dá wá láàárọ̀, tí mo bá délé màá jókòó tì ọ́, màá sọ bí yìnyín ṣe rí fún ọ.”

Vinzenz wojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn, àánú ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe é. Gbogbo ìgbà òtútù yìí ni Vinzenz ti ń rò pé òun ń dáàbò bò ó, àṣé ọ̀nà lòun ń là sílẹ̀ fún un kó lè máa dá gun òkè yìí, láìsí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n máa wò ó. Ipasẹ̀ kékeré yẹn tún wá sí i lójú. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tóun fẹ́ sọ yìí lè gba òkè náà lọ́wọ́ ìyàwó òun pátápátá, àti pé ó lè má dárí jì òun.

“Birgit,” ló wí, “èmi kọ́.”

“Ẹ̀yin kọ́ kí ni?”

“Èmi kọ́ ni mo gbé síkì lọ síbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ń gbàgbé nǹkan. Dókítà ti sọ fún wa látìgbà ìwọ́wé.” Ó yí sí ìyàwó rẹ̀. “Otti, dárí jì mí.”

Ottilie ti fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

“O ṣèlérí fún mi,” ló wí.

“Mo ṣèlérí. Àmọ́ mo rí ipasẹ̀ rẹ. Ó kọjá síkì. Ó dé etí ọ̀gbun.”

“Ipasẹ̀ tèmi?”

“Tìrẹ ni.”

Ottilie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo bàtà ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Yìnyín tó wọ inú ìkọ́ bàtà náà ti ń yọ́ sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

“Ṣé mo dúró níbẹ̀?” ló bèèrè.

“O dúró.”

“Kí ni mò ń wò?”

“Mi ò mọ̀, Otti.”

“Èmi náà ò mọ̀,” ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. “Ọkùnrin onísíkì pupa yẹn ńkọ́? Èmi ni mo dì í mú?”

“Ìwọ ni. Kò bínú.”

Birgit ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Obìnrin tó ń gbé ẹni tí egungun rẹ̀ ti kán sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè láìṣẹ́jú ni, àmọ́ ó ń sunkún báyìí. “Láti ìgbà ìwọ́wé,” ló wí. “Ẹ wá jẹ́ kí n máa bá Bàbá wí bí ọmọdé. Èé ṣe tẹ́ ò fi sọ fún mi?”

“Má bi í,” ni Ottilie dáhùn. “Èmi ni mo ní kó má sọ. Ṣebí mo mọ̀ ọ́. O ò bá ti sé mi mọ́lé bí adìyẹ tó yé ẹyin.”

“Mi ò bá ti sé yín mọ́lé lóòótọ́. Màá sì sé yín mọ́ ọn báyìí. Màmá, ẹ ò gòkè mọ́.”

Ottilie dìde. Wọ́n rò pé ó ń bínú jáde ni, àmọ́ ìdí tábìlì ọkùnrin ará Hólàǹdì yẹn ló lọ. Ó na ọwọ́ sí i. Vinzenz ò gbọ́ ohun tó sọ, ó kàn rí i tí ọkùnrin náà dìde dúró tó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ottilie padà wá, ó ti mú orí rẹ̀ sókè.

“Birgit, gbọ́ mi,” ló wí. “Mo mọ orúkọ gbogbo ṣóńṣó tó wà lójú fèrèsé yẹn. Mo mọ ibi tí yìnyín ti máa ń le láàárọ̀ àti ibi tó ti máa ń rọ̀. Dókítà ní lọ́jọ́ kan mi ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyẹn á ṣẹlẹ̀ sí mi bí mo gòkè, á ṣẹlẹ̀ sí mi bí mo jókòó sílé. Ìgbà tí mo ṣì mọ̀ ọ́n ni kó o jẹ́ kí n lò ó.”

Birgit wo bàbá rẹ̀.

“Màá wà lẹ́yìn rẹ̀,” ni Vinzenz wí. “Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó fẹ̀ nìkan la máa gbà. Yóò ṣáájú, èmi á tẹ̀ lé e. Tó bá lọ tọ̀, ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí. Kò sì ní fi síkì pamọ́ mọ́. Ibi tá a bá jókòó sí ni wọ́n máa wà, gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

“Olè ńkọ́?” ni Ottilie bèèrè.

“Kó máa bọ̀.”

“Síkì tuntun ni tìrẹ o.”

“Kó gbé e, Otti. Ó ti rẹ̀ mí láti máa wá a kiri.”

Birgit nu ojú, ó wá fi ohùn iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn tó máa ń fi bá àwọn tó gbọgbẹ́ sọ̀rọ̀. “Àárọ̀ nìkan. Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ okùn, ẹ pè mí. Bí ẹ bá ti délé, ẹ pè mí. Ọjọ́ tí mo bá ní ó tó, ó tó nìyẹn, ẹ ò sì ní bá mi jiyàn.”

“A ò ní jiyàn,” ni Vinzenz wí.

“Èmi lè jiyàn díẹ̀,” ni Ottilie wí, Birgit sì fi orí lé ìyá rẹ̀ léjìká. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí rédíò ọwọ́ Birgit fi dún pé ẹnì kan ti ṣubú lápá ìlà oòrùn, tó sì ní láti lọ.

Nígbà tí Ottilie àti Vinzenz jáde, oòrùn ti ń yí. Vinzenz tò síkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, pupa pẹ̀lú pupa, búlúù pẹ̀lú búlúù, ó sì di apá ìyàwó rẹ̀ mú bó ṣe ń ki ẹsẹ̀ bọ tirẹ̀. Ottilie gbà á láyè. Lọ́jọ́ míì ì bá ti gbá a lọ́wọ́ dànù.

“Inú ń bí mi sí ọ o,” ló wí.

“Mo mọ̀.”

“Bóyá kó tó dọ̀la mo ti gbàgbé, ìwọ á kàn ti rí ọ̀fẹ́ jẹ.”

“Màá rán ọ létí.”

Ó rẹ́rìn-ín kékeré, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán nìyẹn. Ó fa awò dúdú wálẹ̀ sójú. “Ìwọ wá di ẹni tó ń ṣọ́ mi báyìí, bíi síkì. Ta ló fẹ́ jí arúgbó?”

“Èmi,” ni Vinzenz wí. “Mo ti jí ọ rí lọ́wọ́ bàbá rẹ, nígbà tó ní òun ò fọmọ fún ẹni tó ń ti àga ọkọ̀ okùn. Mo mọ̀ pé ó ṣe é ṣe.”

Ottilie na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tún ìdè akoto ọkọ rẹ̀ ṣe lábẹ́ àgbọ̀n, ó sì fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ síwájú. Vinzenz jẹ́ kó lọ díẹ̀, kó má bàa rò pé òun ń lé e. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé e, ó ń yí síbi tó bá yí sí, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀.